Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì: Ṣé lápútọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ rà lónìí ṣeé fi RAM kún lọ́la? Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ta ló máa gba ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí kò níí ní ọ̀rọ̀ sọ tó bá délé? Láti Mile 2 títí dé Sẹ̀mẹ̀, tó jẹ́ ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, kò sí irú ẹrù òkèèrè tí kò mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó. Mọ́tò tòkunbọ̀, fíríìjì tòkunbọ̀, aṣọ òkìrìkà, táyà, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ ló ń kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà láàrin wọn tó kéré débi pé inú báàgì ló ń wọ̀, òun sì làwọn òṣìṣẹ́ ọba, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ń sáré wá kiri. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní lápútọ́ọ̀pù.

Ìbéèrè kan wà tí oníbàárà máa ń bi ọlọ́jà bó bá ti gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, tó rí i pé owó tóun mú wá ò ká èyí tó lágbára. Á ní, "Ọ̀gá, 4GB péré lèyí. Tówó bá dé lọ́jọ́ iwájú, ṣé wọ́n á lè bá mi fi kún un?" Ìdáhùn tó sì sábà máa ń gbà kò gùn rárá: "Kò sí wàhálà, ẹ ẹ́ fi kún un." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó ṣeé fi kún lóòótọ́. Àwọn kan wà tí kò ṣeé fi kún láyéláyé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìdajì ṣeé yọ, ìdajì ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè kó owó oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin lé ọlọ́jà lọ́wọ́, kó wá délé kó rí i pé ọmọ tóun gbé pọ̀n ò lè dàgbà mọ́.

LÁTI MILE 2 DÉ ALABA

Ẹni tó bá ń ti Marina bọ̀ lè wọ reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, kó sì sọ̀ sí Mile 2. Okokomaiko ni wọ́n ní reluwé náà máa parí sí, ṣùgbọ́n Mile 2 ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ mọ sí. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ dánfó ló kù. Èèyàn á kọjá Festac, ìgboro tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé lọ́dún 1977. Á kọjá Trade Fair, níbi tí wọ́n ti ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé lọ́dún 1977 yẹn kan náà, tó ti di ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò àtàwọn nǹkan mí-ìn. Á kọjá Volks, níbi tí iléeṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Ìjàpá pọ̀ lọ́dún 1975.

Àwọn àgbà tó wa Ìjàpá láyé ìgbà yẹn ò níí gbàgbé adùn rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí mẹkáníìkì abẹ́ igi ò lè tú, kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí wọn ò lè rà lọ́tọ̀. Bí lápútọ́ọ̀pù ṣe rí náà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kan tàbí méjì nídìí rẹ̀, ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Èyí táwọn òyìnbó ń ṣe lóde òní ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ àpò ìwé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi òjé jó àwọn ohun inú rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ọjà Alaba International wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, kò sì jìnnà sí títì yìí. Ta ni ò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá? Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀, páànẹ́ẹ̀lì sólà, ohun tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń wá tó ń lo iná, ẹ ẹ́ rí i níbẹ̀. Lóòótọ́, Computer Village tó wà ládùúgbò Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà ni olórí ọjà kọ̀ǹpútà l'Ékòó, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbé Okokomaiko, Ìyànà Ìbà, Ìjànìkin tàbí Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, Alaba ló sún mọ́ ọn jù. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, wà l'Ọ́jọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ayé ìsinsìnyí ò lè ṣe kó má ní lápútọ́ọ̀pù.

Nítòsí ibẹ̀ náà ni Alaba Rago wà, ọjà àwọn Hausa. "Rago" lédè Hausa, àgbò ni. Àwọn aláwàdà sì máa ń sọ pé kò sí ibi tó yẹ kéèyàn ti ra RAM tó ju ibẹ̀ lọ, nítorí pé "ram" ni òyìnbó ń pe àgbò. Ṣùgbọ́n RAM tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í jẹ koríko, kò sì ní ìwo.

ÀTI Ọ̀NÀ WO NI WỌ́N Ń GBÀ WỌLÉ?

Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tí òṣìṣẹ́ ń rà kì í ṣe tuntun. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní ìlú ọba, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ló lò ó fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, táwọn oníṣòwò wá kó o dà sínú kọ̀ǹténà. Ohun tó mú kí HP EliteBook, Dell Latitude àti Lenovo ThinkPad kún ọjà wa fọ́fọ́ nìyẹn, torí pé àwọn yẹn làwọn iléeṣẹ́ òkèèrè máa ń rà fáwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Lọ́dún 2018, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà tó wà n'Ìbàdàn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn ohun èlò iná àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n ní lọ́dún 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dọọdún. Ibi tó yani lẹ́nu ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n dì í sí. Wọ́n á ki àwọn nǹkan mí-ìn sínú búùtù àti sórí ìjókòó, wọ́n á wa mọ́tò náà wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú gbogbo ẹrù yìí, ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan ló jẹ́ pé ó ti kú kó tó dé. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí àwọn tó kú náà, ara wọn ni wọ́n ti ń yọ RAM àti háàdì dísìkì tí wọ́n ń tà lẹ́yọ-lẹ́yọ lórí àtẹ. Kì í ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn dán an wò kó tó gbé e kúrò níbẹ̀.

ÀTẸ ÀTI ILÉ ÌKẸ́RÙSÍ

Ohun méjì làwọn èèyàn máa ń pè ní "mẹ́mọ́rì", wọ́n sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ wo ìyá alágbọn kan ní ọjà Àgbálátà, l'Ágbádárìgì, níbi tí àgbọn ti pọ̀ bí iyanrìn. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn, ó ní àtẹ níwájú. Gbogbo àgbọn tó ní pátá wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń tà lọ́wọ́ ló kó sórí àtẹ. Bí àtẹ bá kéré jù, sáré wọlé sáré jáde ló máa bá a délẹ̀, oníbàárà á dúró títí, inú á bí i. RAM ni àtẹ. Háàdì dísìkì tàbí SSD ni ilé ìkẹ́rùsí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á palẹ̀ àtẹ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ tí bátìrì sì ti kú, ìwé tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pa mọ́ á bá a lọ, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò ìgbéyàwó ọdún tó kọjá ò lọ síbì kankan.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fà bí ìgbín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń dà á láàmú. Bó bá jẹ́ Windows ló wà nínú rẹ̀, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé kan á jáde. Kó lọ síbi tí wọ́n kọ "Performance" sí. Bí "Memory" bá ti ń lọ sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí kò ṣí ju nǹkan méjì mẹ́ta lọ, àtẹ ló kéré, RAM ló ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "Disk" ló wà ní 100 látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí Memory sì ṣì láyè, a jẹ́ pé háàdì dísìkì ló ń wọ́lẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra RAM fún àìsàn háàdì dísìkì, oògùn ibà ló ń lò fún ẹni tí eyín ń dùn.

LẸ́TÀ "S" KAN ṢOṢO

Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn pé orúkọ iléeṣẹ́ nìkan ò tó. Ẹni tó bá ní, "Lenovo ni mo rà, ó ṣeé fi kún," kò tíì sọ nǹkan kan. ThinkPad T480 tó jáde lọ́dún 2018 ní ojú ihò RAM méjì, ẹ lè yọ tinú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó tóbi sí i. ThinkPad T480s tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí àtẹ kan náà, ìdajì RAM tirẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kan ṣoṣo ló ní. T490 tó tẹ̀ lé e náà nìyẹn. Ti X1 Carbon ló wá burú jù, gbogbo rẹ̀ ló lẹ̀ pátá, kò sí ihò kankan. Lẹ́tà "s" kan ṣoṣo ló ya T480 kúrò lára T480s, àmọ́ lẹ́tà kan yẹn lè gba owó ńlá lọ́wọ́ èèyàn.

Ní ti HP, EliteBook 840 G3 àti 840 G5 tí wọ́n pọ̀ lọ́jà ní ihò méjì-méjì, ọkàn èèyàn lè balẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n EliteBook x360 1030, èyí tó ń ṣẹ́ po bí ìwé, ti jó RAM tirẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Dell Latitude 5490 ṣeé fi kún dáadáa, àmọ́ Dell XPS 13 tó rẹwà lójú ò ṣeé ṣe nǹkan kan sí. Ní ti Apple, MacBook Air kò ṣeé fi RAM kún láti ọjọ́ tó ti dáyé lọ́dún 2008. MacBook Pro 13 tó jáde lọ́dún 2012 tó ṣì ní ojú ihò síídì, ìyẹn ṣeé fi kún. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé MacBook Pro tí wọ́n ń pè ní Retina jáde lọ́dún 2012 yẹn kan náà, wọ́n ti fi òjé jó RAM rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, wọ́n tún jó SSD mọ́ bọ́ọ̀dù lára ọ̀pọ̀ MacBook Pro tuntun. Ẹni tó bá ra 8GB nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 8GB ló máa bá a kú.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé irú RAM tí wọ́n ń pè ní LPDDR kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọpọlọ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí. Intel tilẹ̀ ti gbé e kọjá ìyẹn lọ́dún 2024: inú páálí ọpọlọ Core Ultra 200V gan-an ni wọ́n to RAM sí, 16GB tàbí 32GB, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ìdí kejì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò bá lè fi kún èyí tó ní, á padà wá ra tuntun. Ìròyìn ayọ̀ kékeré kan wà ṣá. Lọ́dún 2024 náà, Lenovo gbé ThinkPad P1 Gen 7 jáde pẹ̀lú irú RAM tuntun tó ń jẹ́ LPCAMM2, tó jẹ́ LPDDR síbẹ̀ tó ṣeé tú. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó di tòkunbọ̀ tó máa dé Alaba, ó dọjọ́ iwájú.

Àwọn tó ṣeé fi kún náà ní òfin tiwọn. Bí pátákó RAM lápútọ́ọ̀pù ṣe jọra tó, DDR3 kì í wọ ihò DDR4, DDR4 kì í wọ ti DDR5. Eyín wúrà tó wà nídìí DDR3 jẹ́ 204, ti DDR4 jẹ́ 260, ti DDR5 jẹ́ 262, ibi tí wọ́n gé lára wọn ò sì dọ́gba. Ẹni tó bá fipá tì í á ba ihò jẹ́. DDR3 àti DDR3L náà kì í ṣe ọ̀kan: fólítì 1.5 ni ti àkọ́kọ́, 1.35 ni ti èkejì, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí kò gbà ju èyí tó ní L nìkan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ní kò lè ju 16GB lọ, ẹ má lọ ra 32GB fún un. Bó bá sì jẹ́ Windows alábítì 32 ló wà nínú rẹ̀, kò níí lò ju 4GB lọ bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ kó ogún sí i.

BÓJÚ BÁ FARABALẸ̀, Á RÍMÚ

Báwo wá ni oníbàárà ṣe máa mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kó tó sanwó? Ojú ìwé Task Manager tí Ctrl, Shift àti Esc ń gbé jáde yẹn náà ló máa tú àṣírí. Kó tẹ "Memory", kó wo ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "SODIMM" síwájú "Form factor", èyí tó ṣeé yọ ni. Bí wọ́n bá kọ "Row of chips", a jẹ́ pé wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. "Slots used: 1 of 2" túmọ̀ sí pé ihò kan ṣófo. Àmọ́ kéèyàn má gbára lé ọ̀rọ̀ "slots" yẹn nìkan, torí pé èyí tó lẹ̀ náà lè pe ara rẹ̀ ní ihò. "Form factor" ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà, kó ní kí ọlọ́jà tú ìdí ẹ̀rọ náà lójú òun. Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ mọ́ ò níí bínú síyẹn.

Àwọn tó ti bá ọjà náà lò pẹ́ máa ń sọ pé kéèyàn kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà pátápátá sínú ìwé, tó fi mọ́ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kó sì wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó padà wá rà á. Dell máa ń lẹ nọ́ńbà olójú méje tí wọ́n ń pè ní Service Tag mọ́ ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí ojúlé Dell á rí ìwé tó ṣàlàyé gbogbo ohun inú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tú u. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pọ̀ jù fún owó tí wọ́n fi oṣù mélòó kan kó jọ.

Ohun mí-ìn tún ni Windows. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, ààyè 64GB, ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ Intel tó bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ. Ibi tọ́rọ̀ ti di bákan nìyí: 840 G3 ṣeé fi RAM kún dáadáa, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹfà, kò sí lára àwọn tí Microsoft tẹ́wọ́ gbà. Ẹni tó bá fi RAM tuntun sínú rẹ̀, ọ̀nà tó mọ́ jù fún un ni kó lo Linux bíi Ubuntu tàbí Mint, tí kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó RAM fúnra rẹ̀ kò tún rọrùn mọ́. Láti apá ìparí ọdún 2025 ló ti gbẹ́nu sókè kárí ayé, torí pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI ń rà á bí ẹni tí ebi ń pa.

TI ILÉ ÌKẸ́RÙSÍ DÙN JÙ

Ibi tí ìdùnnú wà ni ọ̀rọ̀ háàdì dísìkì. Fún ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣì ń lo háàdì dísìkì tó ń yí, kò sí oògùn tó dà bí SSD. Háàdì dísìkì ní àwo kan nínú tó ń yí bí àwo orin, 5,400 lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan lára ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù, abẹ́rẹ́ kan sì ń fò lórí rẹ̀. Ẹ wá ronú ohun tójú rẹ̀ ń rí nínú dánfó tó ń já sí kòtò láti Ìyànà Ìbà dé Àgbádárìgì, tí ẹni tó ni ín kò pa á, tó kàn pa ìdérí rẹ̀ dé sínú báàgì! SSD ò ní ohunkóhun tó ń yí, kòtò ò lè ṣe é ní nǹkan bẹ́ẹ̀. SSD oní SATA sì jọ háàdì dísìkì yẹn ní ìwọ̀n àti ẹnu, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi èkejì sí i. Ẹ̀rọ tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí lè máa jí láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Àwọn tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ń lo M.2, tó dà bí ṣingọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́. Níhìn-ín náà, ẹ la ojú yín. M.2 méjì wà, SATA àti NVMe. Ojú lásán lè má dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lo ọ̀kan lè má gba èkejì. Gígùn wọn náà yàtọ̀: 2280 túmọ̀ sí mílímítà 22 ní fífẹ̀ àti 80 ní gígùn, 2242 àti 2230 sì kúrú sí i. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bíi HP Stream 11 tó ní 32GB, eMMC ni tiwọn, ó ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ 32GB yẹn ò tó ohun tí Windows fúnra rẹ̀ ń béèrè mọ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó pé 2TB lórí páálí tí owó rẹ̀ kò tó ti 256GB. Àwọn ayédèrú wà tó ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ilé ìkẹ́rùsí àwọn tóbi. Bí fáìlì bá ti kọjá ààyè tí wọ́n ní gan-an, wọ́n á máa kọ tuntun lé tàtijọ́ lórí. Ohun tó máa tú wọn fó ni kéèyàn kó fáìlì kún un títí, kó sì ṣí wọn wò.

Háàdì dísìkì tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ má fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Tiyín ni, àṣírí yín ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà ra háàdì dísìkì àlòkù l'Ékòó, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ẹ ra páálí kékeré tó ní wáyà USB, ẹ fi sínú rẹ̀, ó ti di ibi tẹ́ ẹ lè máa tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sí nìyẹn.

ÌLÚ TÓ MỌ IYE TÍ ỌJÀ ÒKÈÈRÈ Ń NÁNI

Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìjànìkin, níbi tí iléèwé olùkọ́ni ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2022, tó tún fẹ̀gbẹ́ kan Agbára tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Igi àgbọn á máa pọ̀ sí i, òórùn ọ̀sà á máa wọlé. Atẹ́gùn iyọ̀ yìí dára fún ẹ̀dọ̀fóró, kò dára fún ẹ̀rọ. Ó máa ń jẹ́ kí eyín RAM dọ̀tí, kí ẹ̀rọ má tàn mọ́ rárá. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kéèyàn má tíì kéde òkú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ á pa á, wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á fa RAM yọ, wọ́n á fi rọ́bà ìpàwérẹ́ rọra nu eyín rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jí.

Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọjà òyìnbó. Létí Marina ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí lọ́dún 1845 wà, èyí tí Àjàyí Crowther gbé, tí wọ́n sì ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ilé Sẹ́ríkì Fárẹ̀mí Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó gbé wọn sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fu. Àwọn tó ń mú àlejò yí ilé náà ká á fi agboòrùn àti àwọn ohun mí-ìn tí wọ́n fi ra èèyàn hàn wọ́n. Àlejò tó bá rí i kì í lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ lápútọ́ọ̀pù ò tó ohun tí èèyàn ń fi wé ìyẹn láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó kan gbogbo ọjà tó bá ti ibi jíjìn wá: ohun tó ń dán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kéèyàn bi í léèrè ohun tó máa ná òun gan-an.

Láti ibẹ̀ sí Sẹ̀mẹ̀ ò jìnnà mọ́. Ẹnubodè yìí ni ìjọba tì pa ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, tí wọn ò sì ṣí i padà àfi oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Ìròyìn rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù tó bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Faransé wọlé máa ń ní àmì kan téèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà bọ́tìnì rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, Z, E, R, T, Y dípò Q, W, E, R, T, Y, ti Faransé ni. Kì í ṣe àbùkù, bọ́tìnì sì ṣeé pààrọ̀, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n torí ẹ̀ yọ nínú owó rẹ̀.

ÒWE ÀWỌN ÀGBÀ

Èyí tó ń bọ̀ wá kan gbogbo èèyàn ni ibi tí ẹ̀rọ máa ń lọ tó bá kú. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó ń fi iná sun wáyà àti bọ́ọ̀dù láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín olóró ni wọ́n ń fà símú, ilẹ̀ àti omi ló sì ń gba èyí tó kù. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ látọdún 2011, àjọ NESREA ló sì wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi RAM àti SSD kún, tó tún lo ọdún mẹ́rin sí i, ẹ̀rọ kan ni kò tíì dé orí ààtàn yẹn. Owó tó kù sápò ẹni tó ni ín náà ò kéré.

Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tíì ká 16GB, kò sí ìtìjú nínú kó ra 8GB, bó bá ti lè jẹ́ pé ihò wà níbẹ̀ tó ń dúró de ọjọ́ tówó máa dé. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé èyí tó lẹ̀ ló wù ú, kó ra èyí tó tó o lódindi lẹ́ẹ̀kan náà, kó má fi ọ̀rọ̀ "ẹ ẹ́ fi kún un" tan ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá ń lọ sí Alaba lọ́jọ́ Sátidé yìí, kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "Form factor" lẹ kọ́kọ́ máa wò, kẹ́ ẹ tó yọ owó.